Ẹni Tó Dá Ilé Ìwé Àgùdà Wa Sílẹ̀

Mo ti kọ ìròyìn ilé tó wó pa èèyàn, mo ti kọ ti ọjà tó jóná, mo sì ti tẹ̀lé gómìnà kiri títí ẹsẹ̀ mi fi wú. Kò sí èyí tó kó ìdààmú bá mi tó ojú ewé díẹ̀ tí ìjọ Àgùdà wa ní Ìsọlọ̀ ní kí n kọ nípa ilé ìwé wọn. Ilé ìwé náà fẹ́ ṣe jùbílì. Kọmití jùbílì fẹ́ tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan tí wọ́n máa pín fún àlejò. Alága wọn, ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báǹkì, pè mí lórí fóònù.

"Akọ̀ròyìn wa! Ọ̀dọ̀ wa lo ti bẹ̀rẹ̀ ABD. Wá kọ ìtàn wa fún wa. Jẹ́ kó dùn, má jẹ́ kó gùn."

Mo bi í pé ta ló dá ilé ìwé náà sílẹ̀.

"Ìjọ ni. Fàdá òyìnbó ìgbà yẹn. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Òun kọ́ ló kọ́ mi ní ABD, sà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin oníròyìn. O ti tún bẹ̀rẹ̀."

Ẹni tó kọ́ mi ní ABD ṣì wà láàyè. Àǹtí ni gbogbo àwa ọmọ ń pè é, àwọn òbí wa náà ń pè é bẹ́ẹ̀, ó sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí, síbẹ̀ Àǹtí náà ni. Yàrá kan ló ń gbé lẹ́yìn ọjà Aswani, níbi tí àwọn alábàárù ti máa ń gbé ìdì aṣọ kọjá lójú fèrèsé rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ń ṣa ìrẹsì lórí atẹ. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Dìde, wàá ba ṣòkòtò ẹ jẹ́. Wọ́n ní ẹ fẹ́ ṣe jùbílì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ní kí n kọ ìtàn."

"Ìtàn àbí oríkì Fàdá?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé atẹ náà kalẹ̀.

"Gbọ́ mi dáadáa. Mi ò fẹ́ àwo tí wọ́n kọ nǹkan sí lára. Mi ò fẹ́ kí wọ́n so nǹkan kan mọ́ mi lọ́rùn. Kí wọ́n dìde nínú ìjọ, kí wọ́n sọ pé èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé yẹn. Kí wọ́n sọ ọ́ síta, kí n fi etí ara mi gbọ́ ọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo ní màá kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ohun tí èmi rántí ò tó kọ ìtàn, nítorí ọmọdé ni mí nígbà náà. Mo lọ bá Ìyá Ìbejì, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìgbà náà, ní Okota, níbi tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ìwó lòun àti ọkọ rẹ̀ ti wá sí Èkó, ó sì ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìsọlọ̀ títí wọ́n fi ti ibẹ̀ pa. Tó bá ń sọ̀rọ̀, ó máa ń gbá èèyàn lórúnkún kó lè dá a lójú pé o ń gbọ́.

"Tí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ báyìí, a gbọ́dọ̀ ti wà nídìí ẹ̀rọ. Tó o bá pẹ́, wọ́n ti ti géètì. Ta ló wá máa bá wa mú ọmọ? A ò ní ìyá ní Èkó, a ò ní ìyá ọkọ. Lánlọ́ọ̀dù ní òun ò fẹ́ ariwo ọmọ lójú ọ̀sán. Àwa tá a jẹ́ Àgùdà máa ń yà sí Mísà àárọ̀ ká tó lọ síbi iṣẹ́. Sìsí kan wà níbẹ̀, òun lẹ wá ń pè ní Àǹtí, tó ń gbálẹ̀ ìjọ, tó ń to òdòdó síwájú pẹpẹ. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ó kàwé, kò ríṣẹ́. Mo ní, 'Sìsí, jọ̀ọ́, bá mi mú àwọn ìbejì yìí títí tí màá fi dé.' Ó ní kí n gbé wọn sórí bẹ́ǹṣì. Lọ́jọ́ kejì, ìyá mìíràn gbé tiẹ̀ wá. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọmọ ti kún ìjọ ju ọjọ́ Àìkú lọ!"

"Ṣé Fàdá ló ní kó gbà wọ́n, mà?"

Ó gbá mi lórúnkún. "Fàdá wo? Fàdá ò sí nílé! Òun nìkan ló ń yí gbogbo ìjọ agbègbè yìí ká nígbà yẹn. Kó tó padà dé, àwọn ọmọ ti ń fi A, B, D kí i káàbọ̀. Ẹ̀rín pa á. Ó ní ó dáa, kí wọ́n sáà má fọwọ́ kan pẹpẹ. Ohun tó bá wa ṣe ò ju ìyẹn lọ. Òun ni wọ́n wá sọ di olùdásílẹ̀? Ẹ ò rí i bí ayé ṣe rí!"

Èyí tí mo rántí fúnra mi ni ìkúnlẹ̀. Kò sí tábìlì nínú ìjọ. Bẹ́ǹṣì ló wà, pẹ̀lú pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn àgbà ń kúnlẹ̀ sí láti gbàdúrà. Àǹtí ní ká kúnlẹ̀ sórí pákó náà, ká kọ ẹ̀yìn sí pẹpẹ, ká wá gbé síléètì wa lé orí ìjókòó bẹ́ǹṣì. Bí a ṣe kọ́ ìwé kíkọ nìyẹn. Òun dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, ó ń na ọwọ́ sí pátákó dúdú tó fi ara ti ògiri. Bàbá kan nínú ìjọ bínú pé báwo làwọn ọmọ ṣe máa kọ ẹ̀yìn sí Olúwa. Àǹtí dá a lóhùn pé, "Bàbá, tí wọ́n bá kọjú sí I, ẹ̀yìn ọmọ tó wà níwájú wọn ni wọ́n máa kọ̀wé sí." Ìjọ rẹ́rìn-ín sí bàbá náà títí ó fi lọ ń gba Mísà níbòmíràn.

Orúnkún wa dúdú, ó sì yi. Ìyá mi máa ń fi òróró àgbọn pa tèmi lálaalẹ́. Tí a bá ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá, àwọn ọmọ àdúgbò máa ń wo orúnkún wa, wọ́n á ní, "Àwọn Àgùdà ti dé." Alága kọmití jùbílì wà nínú wa. Orúnkún rẹ̀ ló dúdú jù.

Mo lọ bá katikíìsì àtijọ́, ẹni tó ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ nígbà náà. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì mú. Mo bi í pé kí ló dé tí wọ́n fi lé Àǹtí kúrò nílé ìwé tó bẹ̀rẹ̀.

"A ò lé e. Òfin ló lé e. Ó lọ fẹ́ ọkùnrin tó níyàwó nílé. Awakọ̀ akẹ́rù ni, Ìṣẹ́yìn ni ìyàwó ẹ̀ wà. Nígbà tí oyún hàn, Fàdá ní kí n lọ sọ fún un pé kò lè gba Ara Olúwa mọ́, kò sì lè dúró níwájú ọmọ mọ́. Mo lọ. Ó ń kọ́ wọn lórin lọ́wọ́. Mo dúró títí orin náà fi parí."

"Kí ló wá sọ, sà?"

"Ó ní ta ló máa kọ́ wọn lọ́la. Mo ní Síṣítà kan ń bọ̀. Ó ní, 'Ọ̀la ni mo bi yín.'" Katikíìsì nu ojú rẹ̀. "Kò sí Síṣítà lọ́la yẹn. Èmi ni mo dúró síwájú wọn. Kí ni mo mọ̀ nípa ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi? Mo ní kí wọ́n máa ka 'Mo kí ọ Màríà' títí ìyá wọn fi dé. Àwọn kan ń sunkún, wọ́n sì ń kà á."

"Ọkọ Àǹtí ti kú tipẹ́, sà. Ìyàwó ti Ìṣẹ́yìn náà ti kú."

"Mo mọ̀. Kí wá ló dá a dúró? Kó lọ jẹ́wọ́, kó ní òun ṣẹ̀, ó parí! Fàdá mélòó ló ti bẹ̀ ẹ́? Orí kunkun."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà padà lọ bá Àǹtí. Kò bínú. Ó kàn fi ìka ka àwọn ọmọ rẹ̀ fún mi.

"Lórí èwo nínú wọn ni kí n ti ronú pìwà dà? Ìyáálé mi gan-an ló wá láti Ìṣẹ́yìn wá wẹ àkọ́bí mi. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ pọ̀n. Ta wá ni mo ṣẹ̀ nínú ilé yẹn? Tí mo bá kúnlẹ̀ níwájú Fàdá tí mo ní mo kábàámọ̀, irọ́ ni mo pa. Ṣé kí n purọ́ kí n lè jẹ Ara Olúwa?"

Síbẹ̀ kò fi ìjọ sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a dúró, bẹ́ǹṣì tó kángun sí ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí lọ́jọ́ Àìkú. Tí àwọn yòókù bá tò lọ síwájú lọ gba Ara Olúwa, ó máa ń fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn kí wọ́n lè ráyè kọjá. Àwọn ọmọ tó kọ́ ni wọ́n ń fò ó kọjá bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà àwọn ọmọ wọn.

Ilé ìwé ò dúró dè é. Síṣítà dé, tábìlì dé, yunifọ́ọ̀mù dé. Wọ́n kọ́ ilé sí ẹ̀yìn ìjọ, wọ́n kọ́ òmíràn lé e lórí. Lónìí ẹ̀rọ amúlétutù wà nínú kíláàsì, àwọn ọmọ olówó láti Ire-Akari ni mọ́tò ń já sílẹ̀ níwájú géètì láràárọ̀. Obìnrin tó ń ránṣọ ní Aswani, tí kò ní ìyá ní Èkó bíi ti Ìyá Ìbejì nígbà náà, kò lè gbé ọmọ rẹ̀ débẹ̀. Mo bi Ìyá Ìbejì bóyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó wò mí bíi pé orí mi dàrú. "Ṣé o mọ iye tí wọ́n ń gbà ni? Ilé ìwé tí wọ́n torí ọmọ mi dá sílẹ̀, ọmọ ọmọ mi ò lè gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀ wọlé." Mo kọ ìyẹn náà sínú ìtàn.

Kọmití pè mí sí ìpàdé nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé. Wọ́n ti ka ohun tí mo kọ.

"Ó dùn," alága ní. "Ti owó ilé ìwé yẹn, a ti yọ ọ́, má jẹ́ ká jà. Àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ yìí, kò lè wọlé."

"Ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ni ìtàn náà, sà."

Akọ̀wé wọn, obìnrin kan tó jẹ́ lọ́yà, fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó. Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀. Àwọn olùdásílẹ̀ tó bá wà láàyè máa jáde síwájú, Bíṣọ́ọ̀bù á súre fún wọn, àwọn ló sì máa kọ́kọ́ gba Ara Olúwa. Ṣé ẹni tí kì í gbà á la máa pè jáde? Ṣé kí wọ́n wá fò ó níwájú gbogbo ayé?"

"Ẹ dárúkọ rẹ̀, ẹ má pè é jáde."

"Kí àwọn èèyàn wá bi wá pé kí ló dé tí kò jáde?"

Ọkùnrin kan tó ń jẹ ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní, "Ẹ sáà kọ ọ́ pé obìnrin kan ran Fàdá lọ́wọ́. Ó tán."

"Obìnrin kan?" Mo yíjú sí alága. "Ṣé obìnrin kan ló kọ́ yín náà, sà?"

Kò wo ojú mi. Ó ní ká lọ sórí ọ̀rọ̀ kánópì.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, ó pè mí. Ohùn rẹ̀ dùn. "Mo ti bá ẹ yanjú ẹ̀. Mo jà fún un dé góńgó. Orúkọ Àǹtí máa jáde, pẹ̀lú pé òun ló kó àwọn ọmọ àkọ́kọ́ jọ. Lórí máìkì, níwájú Bíṣọ́ọ̀bù."

"Ẹ ṣeun púpọ̀, sà. Apá ibo nínú Mísà?"

"Nínú àdúrà. Ṣùgbọ́n má dà á láàmú pé kó wá o. Ara àgbà ni. A máa gbé oúnjẹ ránṣẹ́ sí i."

Mo sáré gbé ìròyìn náà lọ bá Àǹtí. Nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ pé kó má dààmú, ó na ọwọ́ sí àpótí aṣọ rẹ̀. "Kí n jókòó sílé lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ dárúkọ mi? Tó bá ṣe pé ẹ máa gbé mi ni, ẹ gbé mi."

Èmi àti Ìyá Ìbejì la mú un lọ. Ìjọ kún dé ìta. A ní kó jókòó síwájú, ó kọ̀, ó lọ sí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà, àwa méjèèjì sì jókòó tì í. Nígbà tí àdúrà àwọn onígbàgbọ́ dé, ọmọbìnrin kan nínú yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé bọ́ síwájú máìkì. Ohùn rẹ̀ já gaara. Ó gbàdúrà fún Póòpù, ó gbàdúrà fún ìjọba, ó gbàdúrà fún àwọn tó fowó ṣètìlẹ́yìn. Àǹtí ti tẹ ara síwájú. Ọmọ náà ṣí ewé.

"Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà fún àwọn olùdásílẹ̀ ilé ìwé wa tí wọ́n ti sùn nínú Olúwa."

Ó dárúkọ Fàdá òyìnbó. Ó dárúkọ Síṣítà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ó dárúkọ Àǹtí, orúkọ ìrìbọmi rẹ̀ àti orúkọ bàbá rẹ̀, láìfo ọ̀kan, "ẹni tó kó àwọn ọmọ àkọ́kọ́ jọ nínú ilé Olúwa."

Ìjọ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. "Fún wọn ní ìsinmi àìnípẹ̀kun, Olúwa."

Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ta ló kú?" Àwọn tó wà níwájú wa bẹ̀rẹ̀ sí í yíjú padà. "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ta ló kú? Ẹni tó jókòó yìí ńkọ́?"

Àǹtí gbé ọwọ́ lé e nítan. "Dákẹ́. Wọn ò tíì parí."

Ó sì bá wọn parí rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò gbọ̀n. "Kí ìmọ́lẹ̀ àìlópin sì tàn sí wọn lára. Àmín."

Mo bá alága lábẹ́ kánópì lẹ́yìn Mísà, ó ń pín àlejò sí ìdí tábìlì.

"Ẹ pa á, sà."

"Rọra sọ̀rọ̀! Ta ló pa á? Ṣé o rò pé ó rọrùn? Láàárín àwọn alààyè, òfin wà. Láàárín àwọn òkú, ta ló ń bèèrè ẹni tí wọ́n fẹ́? Ibẹ̀ nìkan ni mo ti lè rí àyè fún un." Ojú rẹ̀ pọ́n, kì í sì í ṣe ojú òpùrọ́. Ó gbà pé òun ṣoore. "Mo sì sọ fún ẹ pé kó má wá."

Ẹnì kan ti lọ sọ fún Fàdá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí ìjọ wa. Ó sáré wá pẹ̀lú aṣọ Mísà lọ́rùn, ó lóṣòó níwájú Àǹtí.

"Màmá, ẹ má bínú. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ fún wa la ṣe kà á, mi ò mọ̀ yín. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, màá kéde pé àṣìṣe ni, pé ẹ wà láàyè."

"Ẹ ṣeun, Fàdá. Kí lẹ wá máa pè mí?"

"Mà?"

"Tẹ́ ẹ bá ti mú mi kúrò láàárín àwọn òkú. Ṣé ẹ máa pè mí ní olùdásílẹ̀ láàárín àwọn alààyè?"

Fàdá wo alága. Alága ń wo ibi tí Bíṣọ́ọ̀bù jókòó sí. "Ìyẹn, Màmá... Ẹ yà wá rí mi ní ọ́fíìsì. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe ìjẹ́wọ́, a lè jókòó sọ ọ́."

"Mo ti gbọ́," Àǹtí ní. "Ẹ má kéde nǹkan kan. Ẹ lọ jẹun."

Nínú mọ́tò, Ìyá Ìbejì ń ṣépè fún kọmití lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní ọ̀rọ̀ náà máa jáde nínú ìwé ìròyìn wa kí ọ̀sẹ̀ tó parí, pẹ̀lú fọ́tò Àǹtí àti orúkọ gbogbo wọn.

"O ò gbọdọ̀ kọ ọ́," Àǹtí ní.

"Kí ló dé, mà? Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n sọ ọ́ síta."

"Wọ́n ti sọ ọ́. Níwájú Bíṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní èmi ni mo kó wọn jọ. Tó o bá kọ ọ́ pé mo wà láàyè, wọ́n máa yọ mí kúrò níbẹ̀, wọn ò sì ní gbé mi síbòmíràn. Ṣé o fẹ́ kí n pàdánù méjèèjì? Fi mí sílẹ̀ síbẹ̀."

Mo bá a jiyàn títí a fi dé ẹ̀yìn Aswani. Kò yí padà. Nítorí rẹ̀ ni mi ò fi dárúkọ ẹnikẹ́ni níbí, títí kan ìjọ náà.

Ìwé pẹlẹbẹ náà jáde. Wọ́n fa àgbélébùú kékeré, àmì ẹni tó ti kú, sí ìwájú orúkọ rẹ̀. Nígbà tí oṣù kọkànlá dé, oṣù tí àwọn Àgùdà fi ń gbàdúrà fún òkú wọn, ó ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá mú òun lọ sí Mísà, nítorí wọ́n máa tún ka àwọn olùdásílẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ìjọ, ó ń pín àpòòwé tí àwọn èèyàn ń kọ orúkọ òkú wọn sí. Ó na ọ̀kan sí Àǹtí.

"Màmá, ṣé ẹ lẹ́ni tí ẹ fẹ́ kọ sí i?"

"Wọ́n ti ní tèmi níwájú lọ́hùn-ún. Tíṣà kan ni."

"Áà. Tíṣà yín ni, mà?"

"Tíṣà yín ni," Àǹtí ní. "Òun ló bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé yín."

Ọmọ náà kúnlẹ̀ fún un. "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Kí Olúwa tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere."

"Àmín," Àǹtí dáhùn, ó sì wọlé lọ jókòó.